Bí Ilé Alájùmọ̀gbé Ò Ṣe Ní Gbaná Lásìkò Ọdún: Iṣẹ́ Onílé, Iṣẹ́ Ayálégbé

Ọdún ku ọ̀la. Wọ́n ń dín ẹran ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ń ké lábẹ́ fèrèsé, ìyá àwọn ọmọ kan ń lọ aṣọ ọdún lórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n tí fíríìsà wà lórí ẹ̀, àwọn tó ń lọ sílé ti tilẹ̀kùn wọn pa, wọ́n ti wà ní gáréèjì Ìwó Road. Bí èéfín bá wá rú, onílé á ní ayálégbé ló fà á, ayálégbé á ní wáyà onílé ló ti gbó. Àwọn méjèèjì lè jàre. Ilé á ti jó ná.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ kan ní Agbówó, ní Ìbàdàn, ni mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi mójú tó: yàrá mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ilé ìdáná kan lẹ́yìn, kànga kan níta. Ètò tí à ń tẹ̀ lé níbẹ̀ nìyí, yálà Kérésì ló ń bọ̀ ni o, tàbí Iléyá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun, sílíńdà pupa tí ẹ máa ń rí nílé epo yẹn: oníkílò 6 kan fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkílò 2 kan fún ilé ìdáná. Ẹ wo aago kékeré tó wà lọ́rùn ẹ̀, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú àwọ̀ ewé.
- Ìdérí irin tó fẹ̀ ju agbada yín lọ.
- Dúrọ́ọ̀mù omi méjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn méjì.
- Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó máa ń ké bí èéfín bá kàn án, ẹ kàn án mọ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó jìnnà díẹ̀ sí ilé ìdáná kí ọbẹ̀ má bàa máa mú un ké lásán.
- Ọṣẹ, abọ́ kékeré, kànìnkànìn.
- Tọ́ọ̀ṣì kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Iná fóònù ò tó o, torí lóru fóònù lè ti kú.
- Kọ́kọ́rọ́ kejì fún gbogbo irin ojú fèrèsé àti irin ẹnu ọ̀nà.
- Ìwé kan àti bíró.

Dúrọ́ọ̀mù omi ni àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Wọ́n á ní, "Ṣebí a ní bọ́ọ̀hò." Bí iná bá sọ, iná mànàmáná lẹ máa kọ́kọ́ pa, ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́ọ̀hò náà á sì kú pẹ̀lú ẹ̀. Omi tó ti wà nílẹ̀ nìkan lẹ ní.

1. Ìpàdé ogún ìṣẹ́jú

Onílé tàbí kíátékà ló máa pè é, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹnì kan láti yàrá kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ni pé ohun tó bá wà lára ògiri, ti onílé ni. Ohun tí a bá gbé wọlé, ti ẹni tó gbé e wá ni. Wáyà, bírékà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ojú fèrèsé: onílé. Ẹsitẹ́ńṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù, gáàsì, jẹnẹrétọ̀: ayálégbé.

Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí kò bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kankan: ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn, ibi mítà, dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe é, a kọ "gbogbo wa" síwájú dúrọ́ọ̀mù. "Gbogbo wa" kì í pọn omi. Gbígbẹ ló wà títí ọdún fi kọjá.

Ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ ọ̀kan. Bí ayálégbé bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi ń gbóná," ẹ má fi gbèsè owó ilé dá a lóhùn níjọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n bá fi gbèsè pa lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, á kàn máa lò ó bẹ́ẹ̀ ni.

*Ó ti yọrí* bí ẹ bá ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí kò sí iṣẹ́ tí kò lórúkọ, tí ẹ sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà.

2. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì

Onílé, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó ṣí àpótí bírékà, kí ẹ̀yin náà dúró tì í. Ohun mẹ́ta ni kó wò fún yín. Èkíní ni fíúùsì tí ẹnì kan ti fi wáyà nípọn wé. Iṣẹ́ fíúùsì ni pé kó kú kí ilé tó gbaná. Ẹni tó bá fi wáyà ńlá rọ́pò ẹ̀ ti gbé ikú náà fún wáyà inú ògiri. Èkejì ni bírékà tí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ pààrọ̀ torí pé ti tẹ́lẹ̀ "ń já ṣáá". Ohun tó ń mú un já ló yẹ kí wọ́n wá. Ẹ̀kẹta ni ojú ìsopọ̀ tó ti dúdú, tàbí tí ike ara ẹ̀ ti yọ́.

Bí ẹ bá máa ra wáyà tuntun ní Gbági tàbí Dùgbẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ fá ara ẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bàbà gidi pupa dénú. Bí ẹ bá rí funfun lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára ni, ó sì máa ń tètè gbóná. Wáyà 2.5mm ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 1.5mm ni ti gílóòbù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti gílóòbù sin sọ́kẹ́ẹ̀tì fún yín torí owó díẹ̀.

Ó kan ayálégbé. Lára púlọ́ọ̀gì ẹsitẹ́ńṣọ̀n, 13A ló wà níbẹ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà sì jẹ́ 230V. Ẹ sọ 13 di púpọ̀ ní ọ̀nà 230, ó jẹ́ bí wáàtì 3,000. Òpin ohun tí ẹsitẹ́ńṣọ̀n gidi lè gbé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní títì kò tó bẹ́ẹ̀, wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà. Kẹ́tùlù oníná ń jẹ tó 2,000. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ 1,000 sí 1,200. Àwọn méjèèjì yìí nìkan ti kún un. Hot plate olójú méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kún un fúnra ẹ̀. Nítorí náà:

- Ohunkóhun tó bá ń gbóná, tààrà ni kó lọ sára ògiri.
- Ẹ má ki ẹsitẹ́ńṣọ̀n bọ ẹsitẹ́ńṣọ̀n.
- Ẹ má gba wáyà kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì ká a jọ bí okùn ìfami nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ooru inú ẹ̀ kò ní rí ibi jáde sí.
- Iná Kérésì tó ń ṣẹ́jú yẹn, ẹ ra ti LED tí kì í gbóná, ẹ má so ó mọ́ aṣọ fèrèsé, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó sùn.

*Ìdánwò:* ẹ lo áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì. Bó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ọwọ́ yín ò bá lè dúró lára ẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń gbóòórùn tó dà bí ẹja tó fẹ́ bàjẹ́, ike ló ń jóná nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa bírékà yàrá náà, kí ẹ pe onílé lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má di ọ̀la.

3. Gáàsì

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí bí omi, kì í gba ojú fèrèsé òkè jáde. Ìdí nìyẹn tí sílíńdà inú yàrá fi léwu ju ti ìta lọ. Onílé tó bá lè ṣe é, kó ṣe àgò irin sẹ́yìn ilé ìdáná, kí àyè wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gbà, kí gbogbo sílíńdà máa wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń wá ibi tó ń jò:

Ẹ po ọṣẹ àti omi títí á fi hó. Ẹ pa gbogbo ojú ìdáná, kí ẹ wá ṣí orí sílíńdà. Ẹ fi kànìnkànìn fi ìfóòfò náà kun ọrùn sílíńdà, régúlétọ̀, orí rọ́bà méjèèjì, àti gbogbo gígùn rọ́bà náà. Ẹ dúró wò ó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ìfóòfò bá ń wú, tó ń tóbi sí i, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ tì í pa, kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà kékeré inú ọrùn tàbí rọ́bà gígùn náà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i, ẹ má fi ọ̀rá wé e. Ẹ má sì fi ìṣáná wò ó. Mo mọ ẹnì kan tó fi ìṣáná wò ó; irun ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ti ọdún gan-an: gáàsì ń tán lọ, ẹran ṣì wà lórí iná, ẹnì kan á wá dá sílíńdà dùbúlẹ̀ kí ìyókù lè jáde. Ohun tó kù nísàlẹ̀ sílíńdà, omi ni, kì í ṣe atẹ́gùn. Bí omi yẹn bá gba rọ́bà dé ojú iná, ọwọ́ iná tó máa yọ á ga ju èèyàn lọ. Òró ni sílíńdà ń dúró, bó ti wù kó kù díẹ̀ tó.

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú yàrá, ẹ má tan súìṣì, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn, torí iná kékeré máa ń ṣẹ́ nínú súìṣì lọ́nà méjèèjì. Ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde. Ìta ni kí ẹ ti tẹ fóònù.

*Ó ti yọrí* bí ìfóòfò bá jókòó láìwú ní gbogbo ibi tí ẹ kùn. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá rọ gáàsì tuntun dé, torí pé gbígbé kúrò lórí ọ̀kadà àti títún régúlétọ̀ dè ló sábà máa ń da ibẹ̀ rú.

4. Ọjọ́ dídín ẹran

Ọjọ́ Òkèbàdàn, ọdún ìbílẹ̀ Ìbàdàn, ni àwọn àgbà ìlú yìí kì í fẹ́ kí wọ́n dáná lọ́sàn-án. Ọdún tó kù, ìdáná ni.

Ẹ má dín ẹran ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ì báà máa rọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé máa gbà sá. Ìta gbangba ni, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó jìnnà sí okùn aṣọ àti sí àgò gáàsì. Ẹ sì fi omi fa ìlà sílẹ̀, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọdé pé ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Gáàsì kékeré tí ojú ìdáná wà lórí ẹ̀ gan-an, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Agbówó àti Orogún ń lò, ẹ má gbé agbada ńlá lé e. Agbada tó fẹ̀ máa ń dá ooru padà sísàlẹ̀ sórí sílíńdà fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì lè dojú dé pẹ̀lú òróró gbígbóná.

Ẹ jẹ́ kí ẹran ro gbẹ dáadáa nínú ajọ̀ kí ẹ tó dà á sí òróró. Kí òróró má kọjá ìdajì agbada. Bí èéfín tín-ín-rín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú òróró, ó ti gbóná jù nìyẹn, ẹ dín iná kù kíá. Epo pupa tí ẹ ń jó fún ayamáṣe tún burú jù ú lọ, torí inú ìkòkò tí a dé lèéfín ẹ̀ máa ń kó sí. Bí ẹ bá já ìdérí nígbà tó ṣì ń gbóná gan-an, afẹ́fẹ́ á wọlé, ó sì lè gbaná lójú yín. Ẹ pa iná, ẹ fi í sílẹ̀ kó rọlẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ọbẹ̀ ò ní bàjẹ́.

Bí òróró bá gbaná:

Ẹ pa gáàsì tí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀. Ẹ fi ìdérí irin dé e láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má jù ú lé e. Ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi tutù. Ẹ má gbé e jáde. Ẹni tó gbé agbada tó ń jó lọ síta, ara ẹ̀ ló ń dà á sí.

Omi ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Omi wúwo ju òróró lọ, ó máa rì sábẹ́ ẹ̀, ooru ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di èéfín omi lẹ́ẹ̀kan náà, tó fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èéfín omi yẹn ló ń gbé òróró tó ń jó fò dé àjà. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ apaná, ẹ dúró jìnnà díẹ̀ kí agbára ẹ̀ má tú òróró ká.

*Ìdánwò:* wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ parí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú igi. Bí ooru bá ṣì ń bọ̀, ẹ da omi sí i. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gbé ẹyin iná kan dé orí òrùlé aládùúgbò.

5. Jẹnẹrétọ̀ àti bẹntiróòlù

Èyí ò gùn. Ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kó tó mítà 6 sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọjú síta. Èéfín ẹ̀ ní èròjà kan tí kò lóòórùn tó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó rọ epo sí i, ní ojúmọmọ. Kí ẹnì kankan má tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sábẹ́ àtẹ̀gùn. Epo kẹrosíìnì tó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, ẹ má fi tan ohunkóhun, wọ́n ti lú u nìyẹn. Báńgà àwọn ọmọ náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kó sínú yàrá ilé ẹ̀. Ìbàdàn ò tíì gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ohun abúgbàù tí wọ́n kó pa mọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú, tó wó ilé tó wà lọ́tùn-ún lósì.

6. Ọ̀nà àbájáde

Tìtorí olè la ṣe fi irin sí ojú fèrèsé. Irin yẹn náà ló máa ń há èèyàn mọ́lé bí iná bá gba ẹnu ọ̀nà. Onílé, ó kéré tán kí fèrèsé kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan ní irin tó ṣeé ṣí látinú. Ayálégbé, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, níbi tí ọwọ́ olè ò ti lè dé láti ìta, tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sì lè dé látinú. Kó má sí nínú pọ́ọ̀sì màmá. Kó má sí lókè fíríìjì.

Ẹ kó kẹ̀kẹ́, àpò ìrẹsì, àga àti táyà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé yàrá kékeré ni. Ẹ ṣáà kó o.

Lẹ́yìn náà, géètì àdúgbò. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù máa ń tì í lóru, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ọdẹ. Bí ọdẹ bá lọ sílé fún ọdún, ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ọkọ̀ panápaná ò lè fo géètì. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni méjì tó ní kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀gbẹ́ mítà.

*Ìdánwò:* lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pa gbogbo iná, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣí irin ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nìkan, kí gbogbo yín pàdé níbi tí ẹ fi àdéhùn sí níta. Tiwa ni abẹ́ igi máńgòrò. Bí ẹnì kan bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ bi í ohun tó dá a dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, àgádágodo tó ti dípẹtà ni. Òróró ẹ̀rọ díẹ̀ ló tún un ṣe.

7. Kí ẹ tó tilẹ̀kùn lọ sílé

Ìgbésẹ̀ yìí ló bí gbogbo èyí tó ṣáájú. Lọ́dún kan, ní ọjọ́ kejì Kérésì, ayálégbé wa kan ń lọ aṣọ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí Ṣakí. Iná lọ lójijì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ aṣọ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó lọ. Kò sẹ́ni tó ń pa súìṣì tí iná ò sí lára ẹ̀. Láago mẹ́jọ alẹ́, iná dé, àwọn ọmọ pariwo "Up NEPA!" Nígbà tó fi máa tó bí ogójì ìṣẹ́jú, mo gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Àgádágodo méjì ló fi ti ilẹ̀kùn. Àáké la fi já a. Áyọ́ọ̀nù náà ti jó tábìlì wọnú, ojú ihò náà rí bíi bébà tí aáyán jẹ, ó pupa ní etí, aṣọ àǹkárá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn kan ló tó o. Ká ní a ti sùn ni, n kò mọ̀.

Torí náà, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò:

1. Yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa súìṣì nìkan ò tó.
2. Pa bírékà yàrá. Bí oúnjẹ bá wà nínú fíríìsà, ẹ jẹ ẹ́ tán tàbí kí ẹ pín in; ọdún ló dé.
3. Ti orí sílíńdà gáàsì, kì í ṣe ojú ìdáná nìkan.
4. Fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún ẹnì kan nínú ilé, nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa, tí ẹ sì fọwọ́ sí ní ojú ìlẹ̀pọ̀.

Ẹ̀kẹrin yìí ni àwọn èèyàn máa ń bá mi jà lé lórí, wọ́n á ní olè. Ó dáa. Bí àpòòwé bá ti já nígbà tí ẹ dé, ẹ máa mọ̀.

*Ó ti yọrí* bí ẹ bá fi fóònù ya fọ́tò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣófo àti bírékà tí ẹ ti pa. Ẹ máa nílò fọ́tò yẹn ní ìdajì ọ̀nà, nígbà tí ọkàn yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín bóyá ẹ pa áyọ́ọ̀nù.

8. Bó bá wá ṣẹlẹ̀

Ẹ pariwo "Iná!" kí ẹ sì gbá ilẹ̀kùn gbogbo yàrá. Ẹnì kan pa bírékà ńlá. Ẹnì kan pe panápaná: 615 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 112 ni ti gbogbo Nàìjíríà. Ẹ má sọ pé "Agbówó ni mo wà" kí ẹ sì gé e. Ẹ sọ àmì tí gbogbo èèyàn mọ̀, ilé epo tàbí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ iye ìyànà láti ibẹ̀, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ dúró ní títì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Iná tó ṣì kéré, tí kò tíì ga tó yín, tí ẹnu ọ̀nà sì wà lẹ́yìn yín, ni kí ẹ kojú. Ẹ yọ irin ọrùn ẹ̀rọ apaná, ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ sí ìdí iná, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Kì í tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó tán. Bó bá tán tí iná ò kú, ẹ jáde.

Bí èéfín bá ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ rákò. Ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó mọ́ wà. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná, ẹ má ṣí i, fèrèsé lẹ máa gbà. Ẹni tí iná bá mú aṣọ ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré. Kó wólẹ̀, kó máa yí.

Ẹni tó bá jóná, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ara tó wú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó láìdè é le, kí ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín.

*Ìdánwò:* ẹ ka orí lábẹ́ igi máńgòrò, yàrá sí yàrá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀gbẹ́ mítà bí ẹnì kan bá rántí já a dání. Bí orí kan bá dín, panápaná lẹ máa sọ fún, ẹ má padà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan bírékà padà títí oníṣẹ́ iná á fi dé.